Orúkọ Tí Àǹtí Sẹ̀nábù Fi Pamọ́ Ni Mo Fún Onísìná

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ojú ewé yìí. Mo mọ irú èsì tí ẹ máa ń fún àwọn èèyàn. Ẹnì kan á ní òun gba ọkọ ọ̀rẹ́ òun, ẹ ó ní kó lọ gbààwẹ̀. Ẹlòmíì á ní òun na ìyá òun, ẹ ó fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ sí i. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ pé àwọn tó ń jẹ́wọ́ níbí ò lójútì, àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi náà ni mo dé yìí.

Orúkọ ni mo jí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n fẹ́ tẹ ìtàn tí mo fi orúkọ náà kọ jáde ní ìwé. Wọ́n tún ní kí n wá dúró níwájú èrò, kí n ṣàlàyé bí mo ṣe rí orúkọ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú mi láṣìírí fún ara mi. Mi ò lè dá a gbé mọ́.

Mo ti yí orúkọ gbogbo èèyàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mi ò lè yí. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Peckham ni mo ń gbé, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé. Mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń fún wọn lóògùn, mo máa ń gbọ́ ìtàn àwọn ọmọ tí kì í wá wò wọ́n. Tí mo bá ti ráyè, mo máa ń kọ ìtàn àròsọ lédè Yorùbá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ló ń kà á sínú fóònù, torí pé ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. A ó wá fi ohùn náà sí gúrúùpù àwọn Yorùbá lórí fóònù. Ìyá Onítàn ni mo sọ ara mi. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni. Obìnrin tó ń dirun fún mi ní Rye Lane sọ ìtàn mi fún mi lọ́jọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì ṣì í sọ. Mo kàn ń wò ó nínú dígí.

Ọkọ mi ti kó lọ sọ́dọ̀ òyìnbó kan ní East Dulwich. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná ara rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n kọ ìtàn obìnrin òyìnbó kan tó gba ọkọ ọlọ́kọ. Tí mo bá sọ ọ́ di ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo èèyàn á mọ ẹni tí mò ń bú, wọ́n á sì mọ̀ pé èmi ni Ìyá Onítàn. Mo bá sọ ọ́ di ará Rọ́ṣíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Peckham.

Ó wá ku orúkọ. Mo mọ bí àwọn tó ń pe ara wọn ní òǹkọ̀wé ṣe máa ń ṣe é. Kí ará Rọ́ṣíà ti wọnú ìtàn wọn báyìí, Nàtáṣà ni. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Ó dà bí ìgbà tí òyìnbó bá kọ̀wé nípa wa, tó sì sọ gbogbo wa ní Bọ́lá. Èmi ò fẹ́ irú ìyẹn. Ojúlówó ni mo fẹ́, orúkọ tí ará Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ máa gbọ́, tí kò ní bú sẹ́rìn-ín.

Ará Rọ́ṣíà kan sì wà láàárín wa. Àǹtí Sẹ̀nábù là ń pè é ní àsáláátù tí àwa obìnrin ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Àìkú. Alhaji, ọkọ rẹ̀, ti kú. Rọ́ṣíà ni Alhaji ti kàwé nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ẹ. Kò bímọ. Ọ̀dọ̀ Sìdí, ọmọbìnrin tí ìyáálé rẹ̀ bí fún Alhaji, ló ń gbé ní Nunhead. Òun ló tọ́ Sìdí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá ẹ̀ kú, Mọ́mì ni Sìdí sì ń pè é.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí òyìnbó bá ti lè sọ pé "ẹ kú ìjókòó," àwa Yorùbá á fẹ́ gbé e jó. Ohùn rẹ̀ máa ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀, síbẹ̀ gbogbo àwọn obìnrin á máa pariwo pé "Àǹtí, ẹ gbọ́ Yorùbá ju àwa lọ." Èmi tí mo gbọ́ ọ láti inú ìyá mi wá, ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi rí? Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Mo máa ń pè é ní "ẹ" lẹ́nu, torí ó jù mí lọ dáadáa. Nínú mi lọ́hùn-ún, "o" ni.

Mo lọ bá a nílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí Sìdí wà níbi iṣẹ́. Mo mú bisikíìtì dání. Mo sọ fún un pé èmi ni Ìyá Onítàn, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ dùn bíi pé mo fún un ní ọmọ gbé. Ó fi Ọlọ́run búra pé òun ò ní sọ.

Mo ní, "Àǹtí, Natasha Ivanov ni mo kọ́kọ́ kọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ivanov? Ọkùnrin ni? Obìnrin ní láti jẹ́ Ivanova. Orúkọ bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́: ti ara ẹni, ti bàbá ẹni, ti ìdílé. Tí bàbá bá ń jẹ́ Pavel, ọmọ rẹ̀ obìnrin á máa jẹ́ Pavlovna, orúkọ yẹn lèèyàn sì fi ń bọ̀wọ̀ fún un tó bá dàgbà. Ó bi mí léèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni obìnrin inú ìtàn mi. Mo ní ọ̀dọ́ ni. Ó ní kí n pè é ní Dasha, tàbí Nastya, tàbí Katya.

Ó ní, "Má fún un ní orúkọ arúgbó bíi tèmi o."

Mo ní, "Kí lorúkọ yín gan-an?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó ní, "Zinaida. Zinaida Pavlovna. Orúkọ tí ìyá ìyá mi ń jẹ́ ni. Alhaji ní kí n má jẹ́ kí àwọn èèyàn yín gbọ́ ọ láéláé. Ó ní létí yín, sìná ni wọ́n máa gbọ́. Òun ló fún mi ní Sẹ̀nábù. Òun àti Sìdí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Tí a bá ti wà nínú yàrá, Zina ló máa ń pè mí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, sìná ni à ń pe àgbèrè. Mo gbọ́ orúkọ náà, ara mi yá gágá. Sìnáídà. Orúkọ tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀. Ibi tí ojú obìnrin yẹn ti ń tàn pẹ̀lú ìrántí ọkọ rẹ̀ ni èmi ti ń ronú pé orúkọ dé.

Torí pé mo jókòó pẹ́, ó tún sọ nǹkan mìíràn fún mi. Ó ní nígbà tí Alhaji mú òun dé Ìbàdàn, obìnrin kan kúnlẹ̀ fún òun ní omi tútù. Òun rò pé àbúrò ọkọ òun ni. Obìnrin náà gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, ó lọ tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀, òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sùn síbẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí òun tó mọ̀ pé ìyáálé òun ni, pé ọmọ yẹn, Sìdí, ọmọ Alhaji ni. Alhaji ò sọ ọ́ fún òun ní Rọ́ṣíà. Ó ní ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára òun. Ó ní Sìdí ò mọ̀ pé orí ẹní ni ìyá rẹ̀ sùn nítorí òun, òun ò sì fẹ́ kó mọ̀.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí." Mo jẹ bisikíìtì tí mo mú wá.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé onílé ni èmi wò. Mo kọ Sìnáídà Pavlovna sílẹ̀, mo fún un ní irun pupa, èékánná gígùn àti ojú tí kì í tì. Mo jẹ́ kó gba ọkọ obìnrin Yorùbá kan ní Peckham. Ìtàn náà gbóná ju gbogbo èyí tí mo ti kọ lọ. Láìpẹ́, Sìnáídà di èébú. Tí obìnrin bá kun ètè jù, Sìnáídà ni. Tí ọkùnrin bá pẹ́ níta, wọ́n á bi í léèrè bóyá ilé Sìnáídà ló ti ń bọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí wọn ò lè ka ìlà Yorùbá kan, ń fi pe ara wọn nínú bọ́ọ̀sì. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn wọn, inú mi á sì máa dùn. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń di olókìkí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, a parí àsáláátù, a ń jẹun. Ẹnì kan dárúkọ Sìnáídà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan dìde, ó ń fi ìdí rìn bí Sìnáídà ṣe máa ń rìn. Obìnrin mìíràn yíjú sí Àǹtí Sẹ̀nábù pé, "Àǹtí, ṣé bí àwọn ará ilé yín ṣe rí nìyẹn?" Kò mọ nǹkan kan, eré ló ń ṣe.

Àǹtí Sẹ̀nábù ń bó ọsàn lọ́wọ́. Ó wò mí. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo tún rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tí à ń wọ bàtà, ó sún mọ́ mi. Ó ní, "Ìyá Káósárà, jọ̀ọ́, ṣé o lè yí i padà? Orúkọ pọ̀ ní Rọ́ṣíà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí, ó pọ̀. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni Sìnáídà láyé."

Ó ní, "Òótọ́ ni." Ó bá lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Mo bi ara mi pé kí ló mọ̀ nípa ìtàn kíkọ. Torí náà, ní apá tó tẹ̀ lé e, mo mú Sìnáídà lọ sí Ìbàdàn. Mo jẹ́ kí ìyáálé kúnlẹ̀ fún un lómi. Mo jẹ́ kí ìyáálé sùn lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n Sìnáídà tèmi mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Ó dúró lórí rẹ̀, ó sì sọ fún ọkọ wọn pé, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹní ló tọ́ sí i." Àwọn èèyàn sunkún ní gúrúùpù. Wọ́n ṣépè fún Sìnáídà. Ẹnì kan ní òun jí lọ gbàdúrà nítorí ìyáálé. Irú yín ni.

Sìdí gbọ́ ọ. Nínú ọkọ̀ rẹ̀ ló wà, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èmi, òun nìkan ló mọ ẹni tó ni orúkọ yẹn ní gbogbo Peckham àti Nunhead. Ó délé, ó bi Mọ́mì ẹ̀ pé ṣé òótọ́ ni pé ìyá òun sùn lórí ẹní. Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni. Sìdí bi í pé ta ló sọ ọ́ fún tí wọ́n fi ń gbé e ká, tí wọ́n ń fi ìyá òun ṣe yẹ̀yẹ́. Sìdí bẹ̀ ẹ́, ó pariwo, ó sunkún. Ó ní kó kàn dárúkọ ẹni náà, kí òun lọ bá a. Àǹtí Sẹ̀nábù ò dárúkọ mi. Ó ti búra.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ọ̀dọ̀ mi ni Sìdí ti wá sunkún. Ó jókòó sórí àga mi, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Káósárà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tí mò ń pè ní Mọ́mì ló fi ìyá mi rẹ́rìn-ín, ló ní ẹní ló tọ́ sí i."

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Kí n ṣáà la ẹnu, kí n sọ ọ́ ni. Mo lè sọ pé irọ́ ni, pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ burúkú yẹn sí i lẹ́nu. Dípò ìyẹn, mo gbé tíì fún un. Mo ní, "Inú òyìnbó jìn, Sìdí. Èèyàn ò lè mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Wọn ò jọ gbélé pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fún Àǹtí Sẹ̀nábù ní yàrá kan ní Sydenham, lókè téńté. Kò wá sí àsáláátù mọ́. Àwọn obìnrin ní ó ti ń gbéra ga. Èmi náà gbọ́, mi ò gbèjà rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ṣubú nínú balùwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ máa ń fi orúkọ ẹni tí mo fẹ́ lọ tọ́jú ránṣẹ́ sí fóònù mi. Orúkọ rẹ̀ ló yọ. Mo lè ní mi ò ní lọ. Mo rò pé ó máa lé mi, mo sì fẹ́ kó lé mi, kí n lè rí ìdí láti bínú sí i.

Kò lé mi. Mo ń wẹ̀ fún un láràárọ̀. Mo ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ibọ̀sẹ̀. Fọ́tò Alhaji wà lára ògiri, fìlà rẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ kan. Kò mẹ́nu ba ìtàn yẹn rí. Ohun tó máa ń bi mí kò ju pé, "Ṣé Sìdí wá sí àsáláátù? Ṣé ara ẹ̀ le?" Mo máa ń ní ara rẹ̀ le. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn a máa bí mi nínú.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí Tómi fi wá mi rí. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí síbí ni, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń tẹ ìwé kéékèèké jáde. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìtàn ló ti gba nọ́ḿbà mi. Ó ní, "Aunty, orúkọ yẹn, Sìnáídà, it's mad, I swear. Ó jẹ́ authentic gan-an. Báwo lẹ ṣe rí i?" Ó ní kí n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé bí wọ́n ṣe ń wá ojúlówó orúkọ fún àlejò tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín nínú mi, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀sín náà ò jáde.

Mo lọ sí Nunhead ní ọjọ́ Sátidé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sìdí lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà, torí mi ò rò pé ó yẹ kí n wọlé. Ó gbọ́ ọ tán. Kò lù mí.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹní ló tọ́ sí ìyá mi?"

Mo ní, "Èmi ni. Mọ́mì ò sọ ọ́ rí. Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èmi ni mo ba ilé wọn jẹ́. Ó dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ má gba tèmi mọ́ tiyín. Ẹ parọ́. Èmi ni mo di ẹrù wọn kúrò nílé. Ọdún mélòó ni wọ́n fi tọ́ mi, mo wá gba ìtàn orí fóònù gbọ́ jù wọ́n lọ." Ó wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wọnú ọkọ̀. Lójú mi lẹ máa sọ ọ́ fún wọn."

Àǹtí Sẹ̀nábù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Sìdí lọ gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń sọ èdè Rọ́ṣíà sí i bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo ní èmi ni mo ṣe é, pé ìlara ni, pé mo gbọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀ mí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kún un. Mo ní kí wọ́n foríjì mí.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́."

Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó gbà mí síṣẹ́ pè mí pé Mama Sydenham, ìyẹn Àǹtí Sẹ̀nábù, ti ní kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò mi.

Sìdí ń lọ wò wọ́n báyìí, òun ló ń wẹ̀ fún wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sí Nunhead, wọ́n ní kó jẹ́ káwọn rò ó ná. Sìdí sì ti ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ohun tí mo sọ ní kọ̀rọ̀ ò tó. Ó ní mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí gbogbo àwọn tó gbọ́ ìtàn náà, pẹ̀lú orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Tómi náà ń retí èsì mi. Mo ti kọ̀wé sí i pé mi ò tẹ ìwé mọ́, mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbààwẹ̀. Ẹ má fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti bú yín, mo sì mọ̀ pé mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè bi. Tí mo bá pa á mọ́ra, Sìdí á rò pé mo tún ń sá. Tí mo bá sì jáde síta tí mo sọ orúkọ mi, tí mo sọ ẹni tí mo ṣẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, gbogbo ọmọ inú bọ́ọ̀sì, ló máa mọ̀ pé Àǹtí wọn ni Sìnáídà. Ohun tí Alhaji fi gbogbo ayé rẹ̀ bò fún wọn, èmi náà ni màá tún ṣí i, ní orúkọ ìrònúpìwàdà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?